Fọ́tò ojú ìwé kì í ṣe ìwé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀kọ́ orí fóònù tí gbogbo ọmọ kíláàsì lè lò ní Kétu

Láti ìgbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá ti kúrò lórí pátákó tó bọ́ sórí WhatsApp ni àwọn olùkọ́ àti òbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ti ń gbé ìbéèrè wọ̀nyí wá. A kó wọn jọ síbí. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tó la ṣe sọ ọ́.

Tí ẹ bá ní kí ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo ọmọ, kí lẹ ń sọ gan-an?

Ká ní olùkọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran wà ní kíláàsì yẹn, àfín kan wà níbẹ̀ tí oòrùn ń dà láàmú lójú, ọmọ kan tí etí rẹ̀ di, ọmọ kan tí lẹ́tà máa ń dà rú mọ́ lójú, àti ọ̀kan tí fóònù bàbá rẹ̀ kì í ní ju mẹ́gà díẹ̀ lọ fún íntánẹ́ẹ̀tì. A fẹ́ kí gbogbo wọn lè ṣe iṣẹ́ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, láìsí pé ẹnì kankan ń bẹ aládùúgbò pé kó wá bá òun kà á.

Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé, W3C, ti kọ ìwé sílẹ̀ lórí èyí. WCAG ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1999, ẹ̀dà 2.2 sì jáde ní oṣù Kẹwàá 2023. Ó gùn, kíkà rẹ̀ sì le. Èyí tó kan kíláàsì tiwa nínú rẹ̀ la ń sọ níbí, pẹ̀lú ohun tí ojú wa rí nílé.

Fọ́tò ojú ìwé ni mo máa ń yà, tí mo sì ń fi ránṣẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ. Lójú ẹ̀yin tí ẹ ríran, ọ̀rọ̀ ló kún inú fọ́tò yẹn. Lójú fóònù, àwọ̀ dúdú àti funfun ni, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló ní ètò kan nínú tí wọ́n ń pè ní TalkBack, tó máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fún ẹni tí kò ríran. Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver. Ọmọ tó ń lò ó á fọwọ́ kan fọ́tò yín, lọ́pọ̀ ìgbà fóònù á kàn sọ fún un pé fọ́tò ni, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì á fà á kó tóbi, lẹ́tà á ṣú, á sì máa tì í sọ́tùn-ún sósì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan títí orí á fi máa fọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni, bó ṣe ń tóbi ni ìlà ń tún ara rẹ̀ tò kó lè gba ojú fóònù.

Irú èyí tó máa ń wọlé rèé: iṣẹ́ ìṣirò CM1 (kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), ojú ìwé méjì nínú fọ́tò kan ṣoṣo, àtàǹpàkò olùkọ́ bo igun ìsàlẹ̀, òjìji fóònù fúnra rẹ̀ sì bọ́ sórí ìbéèrè kẹta. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí ọmọ ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Bí olùkọ́ bá tẹ mẹ́rin yẹn, kò ní ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ohùn á kà á, á tóbi fún ẹni tó fẹ́ kó tóbi, kò sì ní jẹ mẹ́gà. Fọ́tò kan lè wúwo ju odindi ojú ìwé tí a tẹ̀ lọ ní ìlọ́po àádọ́ta. Òbí tó ń ra mẹ́gà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ MTN, Moov tàbí Celtiis ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun.

PDF tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú ìwé, fọ́tò náà ni, ẹ̀wù ló yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi ìka di ọ̀rọ̀ kan mú lójú fóònù. Bí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ò bá yí àwọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kíláàsì mi kún fọ́fọ́. Ta ni yóò máa jókòó tẹ gbogbo èyí?

Ẹ ò ní láti tẹ gbogbo rẹ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ èdè Faransé tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, Google Lens lè yọ ọ̀rọ̀ inú fọ́tò jáde, ẹ ó kàn dà á sínú WhatsApp tàbí Word. Ẹ tún lè fi ẹnu sọ ọ́: àmì gbohùngbohùn wà lórí bọ́tìnì ìtẹ̀wé Gboard, ẹ ń sọ Faransé, ó ń kọ ọ́.

Àmọ́ ẹ tún un kà kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà ló máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́: 1 á di lẹ́tà l, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin á túká sórí ìlà mẹ́ta. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ kì í sì í sábà jáde dáadáa. Mi ò ní parọ́ fún yín, oṣù àkọ́kọ́ máa ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ tẹ̀ lọ́dún yìí kò ní bà jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bí àwọn olùkọ́ CM1 mẹ́ta bá sì pín in ṣe láàárín ara wọn, ẹrù á fúyẹ́ lọ́rùn ẹnì kan.

Nínú Word, ṣé kí n fi lẹ́tà ńlá dúdú ṣe àkọlé, ó tán?

Ó tán fún ẹni tó ríran. Ẹni tó ń fi etí kàwé kò mọ̀ pé lẹ́tà yẹn tóbi. Ẹ yan àkọlé náà, kí ẹ wá tẹ "Titre 1" tàbí "Titre 2" lórí pẹpẹ òkè. Látìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà á ti mọ̀ pé àkọlé ni, ọmọ náà á sì lè fò láti àkọlé kan sí èkejì títí á fi dé ibi tí "Exercice 3" wà, dípò kó máa gbọ́ gbogbo ìwé láti òkè.

Word tún ní ibi tó ti ń bá yín yẹ iṣẹ́ wò: ẹ lọ sí "Révision", kí ẹ tẹ "Vérifier l'accessibilité". Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di PDF, ẹ gba "Enregistrer sous" lọ. Bí ẹ bá gba ọ̀nà "Imprimer", àwọn àkọlé tí ẹ ti ṣe wàhálà lé lórí lè sọ nù sọ́nà.

Àwòrán ńkọ́? Ẹ̀kọ́ kan ò lè wà láìsí àwòrán.

Ẹ fi àwòrán sí i, kò burú rárá. Kí ẹ sáà kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ń sọ ohun tó wà níbẹ̀. Nínú Word, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí àwòrán, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń kọ "texte de remplacement". Lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán.

Ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ ló máa pinnu ohun tí ẹ ó kọ. Ẹ mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO dárúkọ ní 2001 tó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Bí ẹ bá kọ "masque Guèlèdè", ẹ ò tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ tí kò rí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni, ẹ sọ pé: "Ère onígi tí wọ́n fi ń bo orí. Ojú obìnrin ni, pẹ̀lú ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, gèlè wà lórí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ejò méjì lé gèlè náà." Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àṣà ni, ejò kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe àwọn tó dúró yí eégún náà ká àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbólóhùn méjì ti tó. Òdòdó tí ẹ kàn fi ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ ò nílò àlàyé. Ẹ sàmì sí i pé "décoratif", ohùn á fò ó kọjá.

Àwòrán ilẹ̀ ló ṣòro jù, torí ẹ̀kọ́ gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ọmọ máa fi dáhùn ìbéèrè: Kétu wà ní ìpínlẹ̀ Plateau, ní ìhà ìlà-oòrùn, ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà, Ṣábẹ̀ẹ́ wà lókè rẹ̀, ní Collines, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà nísàlẹ̀ létí ọ̀sà. Bí ẹ bá lè fi okùn àti àmọ̀ ya Benin sórí páálí, kí ọmọ fi ọwọ́ tọ ọ́, ó dára ju kọ̀ǹpútà lọ.

A ń kọ́ wọn ní Yorùbá náà. Ṣé ɛ àti ɔ la ó máa kọ ni, àbí ẹ àti ọ?

Àríyànjiyàn yìí kì í tán ní Kétu. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin ní kí a kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Bíbélì àti ìwé tó ń ti Nàìjíríà wọlé ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Èyí tí ilé-ìwé yín bá ti yàn ni kí ẹ máa lò. Kí ẹ má sáà po méjèèjì pọ̀ nínú fáìlì kan, torí ọmọ tó bá ń wá "ẹ̀kọ́" nínú fáìlì tí wọ́n ti kọ "ɛ̀kɔ́" kò ní rí i.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù wà níbòmíràn. Àwọn kan máa ń kọ e, wọ́n á wá fi "Souligner" fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lójú, ó jọ ẹ. Nínú kọ̀ǹpútà, e ṣì ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn á ṣe pè é, bí ẹ bá sì dà á sórí WhatsApp, ìlà abẹ́ rẹ̀ á pòórá. Àwọn mìíràn ń lo irú lẹ́tà àtijọ́ kan tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ó kúrò níbẹ̀, ó di rúdurùdu.

Ẹ fi bọ́tìnì ìtẹ̀wé Yorùbá tó wà nínú Gboard sórí fóònù yín, lẹ́tà tòótọ́ ló ń kọ. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Àmì ohùn ni wọ́n ń gbé lé e lórí lọ́tọ̀. Ìdí rèé tí àmì fi máa ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àwọn fóònù mìíràn. Lẹ́tà Andika, tí SIL ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, máa ń gbé àmì dúró síbi tó yẹ. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ má sì fi ohùn Faransé ka Yorùbá fún ọmọ. Kò mọ ohùn òkè, kò mọ ti ìsàlẹ̀. "Igba igbá" nínú ìṣirò á dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ka ìtàn náà sínú fóònù. Bàbá àgbà kan tó ń pa àlọ́ ní ohùn Kétu gan-an ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ, tiwa sì ni.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn wà ní kíláàsì mi. Mo rí fídíò èdè ọwọ́ àwọn adití láti Faransé. Ṣé kí n fi hàn án?

Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú èyí tó gbọ́. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé adití ní Benin àti láwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé yí wa ká kì í ṣe ti ilẹ̀ Faransé. Ti Amẹ́ríkà ló ti wá. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, ó sì ń dá òmíràn sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà títí ó fi kú ní 1987. Èdè ọwọ́ tó mú wá ló tàn kálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Faransé sì wá wọ inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá ara wọn tan láyé àtijọ́, torí Laurent Clerc, adití ará Faransé, wà lára àwọn tó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1817. Ṣùgbọ́n ìbátan ayé ìgbà náà kò ní kí ọmọ Benin gbọ́ fídíò láti Paris lónìí. Bí ọmọ náà kò bá sì tíì lọ sí ilé-ìwé adití rí, ó lè jẹ́ èdè ọwọ́ ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ilé-ìwé àwọn adití wà ní Louho ní Àjàṣẹ́. Bí ọ̀nà bá gbé yín débẹ̀, ẹ yà.

Ní ti fídíò tiyín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí gbólóhùn kúrú. Ẹ má gbàgbé pé èdè kejì ni Faransé jẹ́ fún ọmọ yẹn náà, kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Kí ojú yín wà nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ má kọjú sí pátákó kí ẹ máa bá pátákó sọ̀rọ̀.

Àfín ni ọmọ mi. A ti ra awò fún un, síbẹ̀ kò rí pátákó.

Awò lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tán an. Àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ẹyinjú nílò rẹ̀ kó tó lè dàgbà bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹyinjú àwọn àfín mìíràn fi máa ń yí gìrìgìrì, tí ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gún wọn lójú. Kí ó jókòó níwájú, kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ wọ "Paramètres", kí ẹ lọ sí "Accessibilité", kí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kí ẹ sì dán ojú dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun wò. Ọ̀pọ̀ wọn ló tù lójú.

Ìlànà WCAG ní kí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1. Dúdú lórí funfun kọjá ìyẹn fíìfíì. Lẹ́tà ofeefee lórí funfun, tí àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn nínú PowerPoint, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ibí nìkan ni mo ti gba fọ́tò láyè: kí ọmọ náà ya pátákó, kó sì mú un tóbi lójú fóònù ara rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá ka fóònù léèwọ̀ lè yọ̀ǹda fún ọmọ kan náà, òfin ò ní wó.

Ọmọ mi ń ka lẹ́tà sódì. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni.

Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní "dyslexie", kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tí ìlà rẹ̀ kò fún pọ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí wọn ò fa etí rẹ̀ méjèèjì gún régé bíi ti ìwé ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa kà á sí i létí bí ojú rẹ̀ ṣe ń bá a lọ. Àwọn lẹ́tà pàtàkì tí wọ́n ń polówó pé ó ń wo dyslexie sàn, ẹ má fi owó ṣòfò lórí wọn. Àlàfo láàárín lẹ́tà ló ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ju irú lẹ́tà lọ.

Mo máa ń fi pupa sàmì sí èyí tó kùnà, mo sì ń fi àwọ̀ ewé sí èyí tó yege. Ṣé ó tọ́?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kún un: "ó tọ̀nà", "kò tọ̀nà". Àwọn ọmọ kan wà tí pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ lójú wọn, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ìyá ọmọ ni mí, mi ò kàwé. Kí ni mo lè ṣe sí gbogbo èyí?

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ìyá wa. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé kó máa fi ohùn ránṣẹ́ ní Yorùbá, ìṣẹ́jú kan péré: iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe, ojú ìwé tó wà, ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á. Ẹ lè máa gbọ́ ọ nídìí ọjà bí ẹ ṣe ń wọn gàrí. Ohùn kò jẹ mẹ́gà bíi fídíò. Olùkọ́ tó bá ń kà èyí, ẹ má fi ohùn rọ́pò ọ̀rọ̀ títẹ̀. Méjèèjì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, torí òbí kan wà tí kò gbọ́ràn.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò dúró. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ará Kùtọnù?

Rárá. Kiwix máa ń gbé odindi Wikipedia ti Faransé sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, Kolibri sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò kékeré. Ẹ lọ gbà wọ́n síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, kí ẹ gbé wọn wálé. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ibi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú wọn, ohùn lè kà á.

Ṣé kí ilé-ìwé wa wá ẹni tó máa fún wa ní tábúlẹ́ẹ̀tì?

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé-ìwé tí tirẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà fọ́tò ìfinilọ́rẹ, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ òbí ti ní TalkBack nínú. Fún kọ̀ǹpútà Windows, NVDA wà tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ Faransé. Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh, afọ́jú bíi tirẹ̀, sì dara pọ̀ mọ́ ọn.

Bí owó bá wà, ẹ fi ra ìwé Braille, èyí tí afọ́jú ń fi ọwọ́ kà, àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gún un. Ohùn kò kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìṣirò sì ṣòro púpọ̀ láti fi etí nìkan ṣe.

Ṣé òfin tiẹ̀ wà lórí èyí, àbí àánú ni?

Òfin wà. Benin fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì ní òfin tirẹ̀, nọ́ńbà 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017. Ẹ mẹ́nu kàn án fún ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó máa ń yí ohùn ìjíròrò padà.

Ọmọ mi ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ojú òun kò dára.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé fáìlì kan náà ni kí gbogbo kíláàsì gbà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, ọmọ á mú un tóbi nílé ara rẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bí olùkọ́ bá ní láti dá fáìlì ọ̀tọ̀ ṣe fún un, tó sì pe orúkọ rẹ̀ lórí WhatsApp kó tó fi ránṣẹ́, ó ti tú àṣírí rẹ̀ nìyẹn.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ mi dára kí n tó fi ránṣẹ́?

Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ tan TalkBack nínú "Accessibilité", kí ẹ sì di ojú. Bí ẹ bá lè fi etí nìkan ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́, ó ti dára. Kí ẹ tó tàn án, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, torí ọ̀pọ̀ ló ti gbé fóònù sá tọ̀ wá wá pé ó ti bà jẹ́. Bó bá ti wà lójúfò, ẹ fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kó ṣí. Ìka méjì ni wọ́n fi ń fa ojú ewé lọ sókè. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ọ̀nà àbùjá rẹ̀ nínú "Accessibilité", bọ́tìnì ohùn méjèèjì ni ẹ ó dì mú pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, á dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti tàn án, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.